Ta Ni Kí A Bi Léèrè Ìwà?
Bí bàbá onísùúrù kan ní Ìkòtún, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohùn ìbínú lẹ́nu rẹ̀ rí, bá ń gba abẹ́rẹ́ tí ń dín họ́mónù ọkùnrin kù nítorí jẹjẹrẹ prostate, ìwòsàn tí dókítà Charles Huggins fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ lọ́dún 1941, tí oorun wá dá lójú rẹ̀, tí ó ń kanra mọ́ aya, tí ó sì ń sunkún ní kọ̀rọ̀, ta ni kí a bi léèrè ìwà náà, Orí rẹ̀ ni tàbí oògùn? Ẹni tí ó bá pè é ní aláìnígbàgbọ́ ṣìkà. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Aya rẹ̀ ni yóò sọ ọ́ fún dókítà ní ilé ìwòsàn ìjọba Alímọ̀ṣọ́, kíákíá bí ọkọ rẹ̀ bá ti ń dárúkọ ikú.