Àwọn Tí Kò Rí Ìparí Iṣẹ́

Ẹ gbé ojú sókè wo Kàtídírà ti Kristi ní Marina, ní ìlú Èkó, tí a kọ́ ní àṣà Gótíìkì. Ní 1924 ni a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó di 1946, lẹ́yìn ogun ńlá, kí iṣẹ́ náà tó parí. Nínú ọdún 22 wọ̀nyí, àwọn kan tí ó dáwó sí i ti sùn láì rí ìparí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Dáfídì kó igi àti irin jọ, Sólómónì ni ó sì kọ́ tẹ́ḿpìlì. Ìwọ tí o ń wí pé ojú rẹ kò ní í rí èrè ọrẹ rẹ, ta ni ó kọ́ ilé tí o ń jókòó gbàdúrà nínú rẹ̀? Kí Olúwa fún wa ní ọkàn ìfúnni. Àmín.