Ẹni Tó Bá Dákẹ́: Eré Orí Ìtàgé àti Ìbànújẹ́ Ọkàn Àwọn Ọmọ Wa

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó dá ènìyàn, tó sì mọ ohun tó wà nínú ọkàn rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí gbé ka iwájú wa lẹ́yìn wòlímọ̀ ilé-kéwú wa, a sì ti ń rò ó láti ọjọ́ náà. Wọ́n ní: ǹjẹ́ ó tọ́ kí àwọn ọmọ máa fi àárẹ̀ ọkàn ṣeré lójú agbo? Ṣé kì í ṣe pé à ń kọ́ ọmọ tí kò mọ ìsoríkọ́ ní bí wọ́n ṣe ń sorí kọ́? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, kò yẹ ká fi ìbínú dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá mọ wòlímọ̀ mọ̀ pé bí àwọn ọmọ bá ti ka Alùkùránì tán, wọ́n a máa ṣe eré kékeré kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, eré ọmọ tí kò gbọ́ràn sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ni, tàbí ti ọ̀lẹ tó kọ kéwú sílẹ̀. Lọ́dún náà, àwọn ọmọ kíláàsì àgbà ní àwọn yóò gbé tiwọn kalẹ̀ fúnra wọn. Wọ́n ṣe eré ọmọkùnrin kan tí kì í rí oorun sùn lóru, tí oúnjẹ kì í wù ú jẹ, tó ń jókòó láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní àwọn ayé ló ń ṣe é. Bàbá rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni. Ààfáà rẹ̀ ní àlùjọ̀nnú ló wà lára rẹ̀, ó sì nà án. Kò sí ẹnì kan tó bi ọmọ náà pé, "Kí ló ń ṣe ọ́?"

Agbo rẹ́rìn-ín nígbà tí ọmọ tó ṣe ààfáà wé láwàní ńlá, tó gbé pàṣán. Àwa kò lè rẹ́rìn-ín. Ọdún mélòó kan ṣáájú, ọmọ kan wà lọ́dọ̀ wa tó máa ń sùn nídìí wàláà. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló ń gbé. A nà án lẹ́ẹ̀kan, a nà án lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tó kúrò lọ́dọ̀ wa tán la tó gbọ́ pé ìyá rẹ̀ ti kú ní ìlú wọn, àti pé láti ọjọ́ náà ni kò ti rí oorun sùn lálẹ́. Àwọn ọmọ tó ṣeré yìí kò gbọ́ ìtàn náà rí. Àmọ́ wọ́n mọ̀ wá.

Àwọn kan ní irọ́ ni eré. Irọ́ ni ohun tí a sọ láti fi tan ẹlòmíràn jẹ. Eré kò tan ẹnikẹ́ni, nítorí gbogbo agbo ló mọ̀ pé àkàwé ni. Ẹ wo Ànábì Dáúdà nínú Súrà Sọ́ọ̀dù. Àwọn méjì gba orí ògiri wọlé tọ̀ ọ́ wá, wọ́n gbé ẹjọ́ ẹni tó ní abo àgùntàn 99 kalẹ̀, tó tún fẹ́ gba ẹyọ 1 tí arákùnrin rẹ̀ ní. Ọ̀pọ̀ onítáfúsírù ní mọ́láíkà ni wọ́n, tí wọ́n fi ẹjọ́ náà ṣe àkàwé. Dáúdà dájọ́ tán kó tó yé e pé òun gan-an ni a ń dán wò. Ó wólẹ̀, ó tọrọ àforíjìn. Ohun tí eré rere ń ṣe nìyẹn: a ó rò pé ẹlòmíràn là ń wò, títí a ó fi rí ara wa.

Àwọn mìíràn ní mùmíní òdodo kì í ní ìbànújẹ́ ọkàn. Ta ló ní ìmáànì tó Ànábì Yàkúbù? Síbẹ̀ ó sunkún Yúsúfù títí ojú rẹ̀ fi funfun. Nígbà tí ìrọbí mú Màríyámọ̀ nídìí igi dàbínù, ó ní ì bá sàn kí òun ti kú ṣáájú ọjọ́ náà. Ọlọ́hun kò bá a wí. Omi àti dàbínù ló pèsè fún un. Àwọn onímọ̀ wa àtijọ́ náà kò fojú kékeré wò ó. Abu Zayd al-Balkhi, tó kú ní 934, kọ ìwé lórí ìlera ara àti ti ọkàn pa pọ̀. Ó ya ìbànújẹ́ tí a mọ ìdí rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ẹni tó ń ṣe pàápàá kò mọ ibi tó ti wá.

Ó wá ku ẹ̀rù àwọn òbí: ṣé eré kì í kọ́ ọmọ ní ohun tí kò mọ̀? Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ọ̀dọ́ 7 tó wà láàárín ọdún 10 sí 19, ó tó 1 tó ní àìsàn ọpọlọ kan tàbí òmíràn. Nítorí náà, kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú agbo. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Síbẹ̀, ẹ̀rù àwọn òbí nídìí. Ní 2019, àjọ yìí kan náà tẹ ìwé kan jáde fún àwọn tó ń ṣe fíìmù àti eré orí ìtàgé, ó sì kìlọ̀ fún wọn nípa fífi bí ènìyàn ṣe pa ara rẹ̀ hàn, nítorí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ lè fara wé e.

Nítorí náà, ìlànà mẹ́rin la fi lélẹ̀ ní ilé-kéwú wa. A kì í fi ikú àfọwọ́fà hàn lórí ìtàgé. A kì í sọ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá di ẹni ẹ̀rín. A kì í ní kí ọmọ tí nǹkan ń ṣe wá ṣe ara rẹ̀ lójú agbo. Àṣírí rẹ̀ ni, kì í ṣe tiwa. Ẹ̀kẹrin ló ṣòro jù: eré kò gbọdọ̀ parí láìsí pé ààfáà kan àti ìyá kan dìde, kí wọ́n sọ ibi tí ọmọ lè ti rí wọn bá sọ̀rọ̀. Bí ọmọ bá fi eré sọ ìbànújẹ́ rẹ̀, tí a pàtẹ́wọ́, tí a ná owó fún un, tí a sì lọ sílé, a ti dá kún ẹrù rẹ̀.

Àdúà kò ní kí a má wá ìtọ́jú. Ànábì wa fúnra rẹ̀ ló ní kí a máa wá ìwòsàn. Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aro, l'Ábẹ́òkúta: aláìsàn ń gbé pẹ̀lú ará ilé rẹ̀ ní abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn, ó sì ń gba ìtọ́jú níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé oògùn ń ṣiṣẹ́, ara ilé náà sì níṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ká fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń lo ọwọ́ òsì nìkan.

Èsì wa fún àwọn òbí nìyí: ó tọ́ kí ọmọ ṣe eré náà, bí àgbà bá ṣe tán láti gbọ́. Bí a kò bá ṣe tán, ọ̀dọ̀ wa ni àtúnṣe ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀.

A wá ọmọ tí a nà nígbà náà lọ. Ó ti di géńdé, ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. A bẹ̀ ẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ààfáà, mo ti gbàgbé." Ojú rẹ̀ sọ fún wa pé kò gbàgbé. Kí Ọlọ́hun foríjì wá, kó sì fún wa ní etí tí a ó fi gbọ́ àwọn tó kù. Àmín.