SÀRÁÀ TÓ WÀ NÍNÚ EGUNGUN WA

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Bí wọ́n bá ní kí á ṣe sàráà, owó ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn. Ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ á ní òun kò rí nǹkan ṣe. Sàráà tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lóṣù yìí kò béèrè owó. Inú egungun wa ló wà.

Mùdùnmúdùn inú egungun ni Ọlọ́hun fi ṣe ilé tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde wá. Bí àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní leukaemia, bá wọ ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ funfun tí kò péye á máa pọ̀ sí i, kò ní jẹ́ kí ojúlówó ẹ̀jẹ̀ ráyè. Oògùn nìkan máa ń wo àwọn kan sàn. Fún àwọn mìíràn, àfi kí wọ́n fi oògùn líle pa mùdùnmúdùn tó ti bàjẹ́, kí wọ́n sì fi ti ẹni tí ara rẹ̀ le rọ́pò rẹ̀. Dókítà E. Donnall Thomas ará Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní àwọn ọdún 1950, gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1990.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni ló ń bá ẹnikẹ́ni mu. Ọmọ ìyá àti bàbá kan náà ni ìrètí àkọ́kọ́. Síbẹ̀, nínú mẹ́rin, ẹyọ kan péré ló ṣeé ṣe kó bára mu. Bí kò bá sí nílé, àárín àwọn tí orírun wọn jọra ni wọ́n á ti wá a. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá nìyí. Ní Amẹ́ríkà, bí ènìyàn dúdú 100 bá ń wá ẹni tó bá wọn mu pátápátá nínú ìwé àkọsílẹ̀, nǹkan bí 29 ló ń rí i. Àwọn funfun tó ń rí i tó 79. Lára ohun tó fà á ni pé àwa tó forúkọ sílẹ̀ kò pọ̀.

Ẹ wo Ṣeun Adébíyì, ọmọ wa tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, tó dàgbà sí Amẹ́ríkà. Ní 2009, ọdún tó gba oyè ìmọ̀ òfin ní Yale, ni àìsàn yìí dé bá a. Ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ ọmọ tuntun ni Ọlọ́hun fi ṣe sábàbí ìwòsàn rẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, kò gbàgbé àwọn tó ṣì ń wá. Ó ṣe agbátẹrù ìwé àkọsílẹ̀ irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Enugu ní 2012.

Àwọn kan á ní, ṣé ìyẹn kì í ṣe àìgba kádàrá? Rárá o. Ànábì wa kọ́ wa pé kí á wá ìwòsàn, nítorí Ẹni tó sọ àrùn kalẹ̀ ló sọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀. Súrátù Máídà, ẹsẹ 32, sì fi hàn wá bí gbígba ẹ̀mí kan là ṣe tóbi tó. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé ara àwọn á bàjẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, apá ni wọ́n ti ń gbà á bí ẹni gba ẹ̀jẹ̀. Nígbà mìíràn, wọ́n á kùn ènìyàn lóorun, wọ́n á sì fà á láti egungun ìbàdí. Ara lè máa ro olúwarẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ohun tí wọ́n fà á ti padà. Bí omi kànga ni: a pọn ọ́n, ó tún sun.

Ẹni tí tirẹ̀ kò bá bá aláìsàn mu ńkọ́? Iṣẹ́ rẹ̀ kò tán. Nǹkan bí 100 ọjọ́ àkọ́kọ́ ló le jù. Aláìsàn nílò ẹni tí yóò máa se oúnjẹ tó mọ́, tí yóò máa ṣọ́ àsìkò oògùn, tí yóò sáré pe dókítà bí ibà bá dé lóru. Ẹ̀tọ́ ni ìbẹ̀wò aláìsàn láàrin Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n bí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe wá, ẹ jẹ́ kí á dúró sílé kí á ṣe àdúà fún un, nítorí ara rẹ̀ kò lè bá ikọ́ lásán jà. Ẹ má sì jẹ́ kí á máa bi í pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ṣẹ̀. Ànábì Áyúùbù ṣàìsàn, kì í ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ ti ṣe àdéhùn. Bí wọ́n bá ti pa mùdùnmúdùn aláìsàn tán, tí ẹni tó ṣèlérí wá sá, ikú ló fà á lé lọ́wọ́. Nítorí náà, kí á bá àwọn òbí wa sọ ọ́, kí á rò ó dáadáa, kí á tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí a bá sì ti sọ ọ́, kí á dúró tì í.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, kí Ó sì fi wá ṣe sábàbí rẹ̀. Àmín.