Ojú Àlejò

Àwọn ọkọ̀ afẹ́ ńláńlá a máa gúnlẹ̀ sí èbúté Kútọnu láàárọ̀, wọn a sì tún ṣí lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Láàárín kan náà, àwọn èrò inú wọn á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n á lọ wo Ouidah tàbí Ganvié. Tó bá dalẹ́, wọ́n ti padà sídìí oúnjẹ wọn nínú ọkọ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin òǹkàwé jọ yẹ̀ wò nìyí: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn sanwó láti lọ wo bí ẹlòmíràn ṣe ń gbé nínú ilé rẹ̀?

Orí omi Nokoué ni Ganvié wà. Àwọn Tofinu ló tẹ̀ ẹ́ dó nígbà tí ogun Dàhọ̀mì ń kó ènìyàn tà fún òyìnbó. Ìtàn wọn ní èèwọ̀ ni fún àwọn jagunjagun náà láti bá ènìyàn jà lórí omi. Ni wọ́n bá ri òpó mọ́ ìsàlẹ̀ omi, wọ́n kọ́lé lé e. (Wọ́n a máa pè é ní Venice ti Áfíríkà. Èé ṣe tí ẹnikẹ́ni kì í pe Venice ní Ganvié ti Yúróòpù?) Ẹ wá wò ó: àwọn tí baba ńlá wọn sá fún ọkọ̀ òyìnbó, ọkọ̀ òyìnbó náà ló tún ń kó èrò wá wò wọ́n. Bí àwọn obìnrin tó ń tajà nínú ọkọ̀ kéékèèké bá rí kámẹ́rà, ọ̀pọ̀ wọn a fi akẹtẹ̀ bojú. Àwọn kan á ní àìlajú ni. Irọ́ ni o! Ohun tí a mú láìtọrọ lọ́wọ́ olóhun, ṣé ó ní orúkọ méjì ni?

Ṣùgbọ́n kí a tó bú àlejò, ilé ńkọ́? Àwọn Ẹ̀gùn pọ̀ ní Mákòkó l'Ékòó. Orí òpó nínú ọ̀sà ni wọ́n ń gbé bíi ti Ganvié. Ní July 2012, ìjọba wó ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀, wọ́n ní ó ń bu iyì ìlú ńlá kù. Ohun tí òyìnbó ń sanwó wò níbì kan, òun la wó níbòmíràn.

Àwa ará Òkè Bọ́lá náà, bí àlejò bá dé bá wa, a lè mú un lọ sí Láyípo, ilé gíga tí wọ́n kọ́ sórí Òkè Ààrẹ ní 1936 ní ìrántí Bower, àjẹ́lẹ̀ òyìnbó àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn. Lókè níbẹ̀, à ń nawọ́: Màpó rèé, Bẹẹrẹ rèé, Ọjà'ba rèé. Àlejò á wo páànù tó ti dípẹtà lọ súà, á ní ó mà dára o! Ìyá tó ń sá èlùbọ́ lẹ́yìnkùlé rẹ̀ kò mọ̀ pé òun wà nínú ohun tó dára. Bí páànù yẹn bá sì ń jò, ta ni yóò bi í léèrè láti òkè lọ́hùn-ún?

Ẹnì kan á ní owó àlejò ń bọ́ atukọ̀. Òótọ́ ni, mi ò sì ní kí wọ́n má wá mọ́. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Àwọn àgbà ní àlejò lójú ńlá, kì í fi í ríran. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé kíkúrú ọjọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ṣebí àwọn kan gbé ogún ọdún níbì kan, wọn ò rí nǹkan kan. Ìkíni ni mo rò pé ó jẹ́. Lọ́dọ̀ wa, a kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìwí pé "ẹ kú iṣẹ́". Bí o bá ti kí mi, mo lè dá ọ lóhùn, mo lè dákẹ́, mo lè bi ọ́ pé níbo lo ti wá, kí ló dé tí o fi ń wò mí. Èmi náà á ráyè wò ọ́. Ẹni tó ń fi kámẹ́rà wòran láti inú ọkọ̀, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo òun.

Ó wá ku ibi tó le. Ní 1860, ọkọ̀ Clotilda kó nǹkan bí 110 ènìyàn láti Ouidah lọ sí Alabama, Yorùbá sì wà nínú wọn. Kossola, tí wọ́n sọ ní Cudjo Lewis, jẹ́ ọ̀kan. Ó kú ní 1935 láìtún fojú kan ilé. Létí òkun Ouidah yẹn náà ni wọ́n kọ́ Ẹnubodè Àìpadàbọ̀ sí ní 1995. Lára àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ afẹ́ lónìí, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà wà níbẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni tiwọn náà, kámẹ́rà wà lọ́rùn wọn. Ní Cape Coast àti Elmina ní Gánà, àwọn ọmọdé a máa pe irú wọn ní "obruni", orúkọ tí wọ́n ń pe òyìnbó. Ṣé àlejò ni ká pe ẹni bẹ́ẹ̀, àbí ọmọ tó ti àjò dé? Bí òun àti ìyá tó ń ta àgbọn bá pàdé lẹ́nu ibodè yẹn, ṣé òun ni yóò ní "ẹ kú ilé", àbí ìyá ni yóò kọ́kọ́ wí pé "ẹ kú àbọ̀"?