ỌLỌ́RUN MỌ IYE ÈÈKÀN

Ka: Númérì 4:29-33, 10:17-21
Ẹsẹ fún àṣàrò: Kólósè 3:23

Ará nínú Olúwa, bóyá bí ẹ ti ń ka ojú ewé yìí ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgándò, ẹnì kan kò sí nídìí àdúrà ilé yín lónìí, nítorí pé iṣẹ́ ti gbé e jáde láti òru àná. Bí àpéjọ ńlá bá máa wà ní Eko Convention Centre ní Victoria Island, tàbí ní Trade Fair lójú ọ̀nà Badagry, àwọn kan gbọ́dọ̀ ṣáájú. Òru ni wọ́n ń kúrò nílé. Àwọn ló ń to irin pèpéle, tí wọ́n ń fa wáyà iná, tí wọ́n ń to àga lọ rẹrẹẹrẹ. Nígbà tí àlejò bá fi máa dé, wọ́n ti bọ́ sẹ́yìn. Kò sí ẹni tó ń dárúkọ wọn.

Ọlọ́run ní irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú aginjù. Nínú ẹ̀yà Léfì, àwọn ọmọ Kóhátì ló ń ru àpótí ẹ̀rí àti àwọn pẹpẹ. Ṣùgbọ́n pákó, òpó, ihò ìtẹ̀bọ̀, èèkàn àti okùn ni ẹrù àwọn ọmọ Mérárì. Ọkùnrin 3,200 ni a kà nínú wọn, láti ẹni 30 ọdún dé ẹni 50 ọdún. Wo Númérì orí 10: àwọn àti àwọn ọmọ Gérṣónì ló ń ṣáájú àwọn ọmọ Kóhátì, kí àgọ́ lè ti dúró kí ohun mímọ́ tó dé. Ká ní wọ́n kọ iṣẹ́ wọn sílẹ̀ ni, àpótí ẹ̀rí ì bá dé, kò ní ríbi wọ̀.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ẹsẹ 32 nínú orí 4. Ọlọ́run pàṣẹ pé kí a dárúkọ ohun èlò tí olúkúlùkù yóò rù. Èèkàn kì í ṣe wúrà. Idẹ ni, inú ilẹ̀ ni wọ́n sì ń gbá a wọ̀. Síbẹ̀, Ọlọ́run fi í sí ìkáwọ́ ẹnì kan, Ó sì mọ iye rẹ̀.

Kí n tó wọ iṣẹ́ ìránṣẹ́, mo bá àwọn tó ń to pèpéle ṣiṣẹ́. Ní ìdájí ọjọ́ kan, nínú gbọ̀ngàn ńlá kan, mo rí i pé bóòtù méjì kò sí lẹ́sẹ̀ irin kan, ní igun tí àwọn akọrin yóò dúró sí. Mo sọ fún ọ̀gá wa. Ó ní, “Fi rọ́ọ̀gì bò ó jàre, ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́.” Mo bò ó. Nígbà tí ìpàdé bẹ̀rẹ̀, àwọn akọrin gun orí rẹ̀, wọ́n ń jó, wọ́n ń fò. N kò gbọ́ ohun kan nínú ìwàásù. Ẹsẹ̀ wọn ni mò ń wò. Kò sí ohun tó wó. Ṣùgbọ́n àánú Ọlọ́run ló gbé wọn ró, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Nígbà tí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ níbòmíràn, mo kọ̀. Ọ̀gá bínú, kò sì pè mí síṣẹ́ fún oṣù méjì. Nǹkan le fún wa nílé. Mo sọ èyí kí o má baà rò pé òótọ́ kì í náni ní nǹkan. Ṣùgbọ́n mò ń rí oorun sùn.

Àwa ará Ìkòtún kò lè gbàgbé ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, tí ilé alájà wó ládùúgbò wa, tí ènìyàn tó ju 100 lọ sì kú. N kò mẹ́nu kàn án láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, bí kò ṣe kí a rántí pé ẹ̀mí ènìyàn ń bẹ lórí ohun tí ojú kò rí.

Olùfẹ́, kí ni èèkàn tìrẹ? Ṣé abẹ́rẹ́ tí ò ń gún fún aláìsàn ni? Ṣé ìwé owó tí ò ń kọ? Ṣé búrẹ́kì ọkọ̀ tí o ní o ti tún ṣe? Èéfín ni ìwà, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Bí o bá ti fi rọ́ọ̀gì bo nǹkan kan, padà lọ lónìí, kí ẹlòmíràn tó gun orí rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé o ti di tìrẹ dáadáa, tí ẹnikẹ́ni kò dúpẹ́, fọkàn balẹ̀. Ẹni tó ka èèkàn ti rí i.

KÓKÓ ÀDÚRÀ
1. Baba, dárí jì mí níbi gbogbo tí mo ti bo iṣẹ́ tí kò pé mọ́lẹ̀.
2. Olúwa, fún mi ní ìgboyà láti sọ òtítọ́ fún ọ̀gá mi, bí ó tilẹ̀ ná mi ní oúnjẹ òòjọ́.
3. Olúwa, ṣọ́ gbogbo ará ilé wa tí iṣẹ́ gbé jáde lóru. Mú wọn padà wálé láyọ̀, ní orúkọ Jésù. Àmín.