Ọ̀rọ̀ Tí Kò Fi Ẹsẹ̀ Tẹlẹ̀

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ òwe yìí rí, bóyá ìdí nìyẹn tí a kì í fi dúró rò ó. Bí ọwọ́ bá tẹ olè, a ó pa òwe náà. Bí àṣírí olóṣèlú bá tú, a ó tún pa á. A ń fi tu ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ nínú: ṣe sùúrù, òtítọ́ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó fi irọ́ àti òtítọ́ sí ojú ọ̀nà kan náà, tí wọ́n ní ọ̀kan ń lọ, èkejì ń lé e, ti fi àdéhùn kan sínú òwe náà tí etí wa kì í gbọ́. Ẹni tó ń lé nǹkan, ipasẹ̀ ló ń tọ̀. Irọ́ tó bá fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ nìkan ni òtítọ́ lè lé bá.

Ó yẹ kí èyí yé àwa ará Èjìgbò ju ẹlòmíràn lọ, nítorí a kò mọ ibi tí Èjìgbò parí sí tí Àbíjàn ti bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀sì ń gbéra nílùú wa, á gba Kútónù, Lomé àti Àkrá, ó di Côte d'Ivoire. Àwọn kan wà láàárín wa tí Faransé dùn lẹ́nu wọn ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wálé fún ọdún Ògìyán, tó ní òun ti kọ́lé sí Treichville ní Àbíjàn, òun sì ní ṣọ́ọ̀bù méjì ní Adjamé, ta ni yóò bá a jiyàn? A ó kan sáárá sí i, a ó sì jẹ ẹran tó pa. Ṣùgbọ́n Treichville kì í ṣe ọ̀run. Lọ́jọ́ kan, ẹni tó ń gbé àdúgbò yẹn gan-an yóò sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì, yóò sì sọ ohun tó mọ̀. Ká ní ọ̀gbẹ́ni náà sọ pé lẹ́yìn tí òun kọ́lé tán ni áńgẹ́lì wá gbé e lọ sókè, ogún ọdún kọ́, igba ọdún ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè fi rìn, kò sẹ́ni tí yóò bá a. Kì í ṣe pé ó ti di òtítọ́ o. Ó kàn bọ́ síbi tí òwe wa kò lè dé ni.

Àbíjàn náà ló gbé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ wá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn, tí aráyé mọ̀ sí Mọ́mọ́nì, ya tẹ́ńpìlì sí mímọ́ níbẹ̀. Wọ́n ti ní ọ̀kan ní Ábá láti 2005, wọ́n sì kéde ti Èkó ní 2018. Àwọn ọ̀dọ́ wọn, tó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tí wọ́n ń rìn ní méjì-méjì, mọ̀ ọ́n kí èèyàn, wọn kì í mu ọtí, wọn kì í mu sìgá. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn jiyàn nípa ìwà, kó wẹ ọwọ́ tirẹ̀ dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tèmi kì í ṣe ti ìwà. Ohun tí wọ́n ní ó ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò: ṣé ó ṣẹlẹ̀?

Joseph Smith, ọmọ àgbẹ̀ tí wọ́n bí ní Vermont ní Amẹ́ríkà ní 1805, ló ni ìtàn náà. Ó ní ní 1823, áńgẹ́lì kan tó ń jẹ́ Moroni fara han òun, ó sì sọ fún òun nípa ìwé kan tí wọ́n fín sára wúrà pẹlẹbẹ, tí wọ́n rì mọ́ òkè kan nítòsí Palmyra, ní ìpínlẹ̀ New York. Ó ní ní 1827 òun gbé e jáde, òun sì fi ẹ̀bùn Ọlọ́run túmọ̀ rẹ̀. Ìwé Mọ́mọ́nì tó tẹ̀ jáde ní 1830 ń sọ ìtàn ìdílé kan tó ti Jerúsálẹ́mù wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 600 ọdún ṣáájú Krístì. Níbo ni wúrà náà wà? Smith ní áńgẹ́lì ti gbà á padà.

Ẹ rí i pé a ti kúrò ní Treichville.

Àwọn ọkùnrin mọ́kànlá fọwọ́ sí i pé àwọn rí wúrà yẹn. Ẹ̀rí ènìyàn mọ́kànlá kì í ṣe ohun tí a ń fi ẹsẹ̀ gbá dànù. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́, Oliver Cowdery, David Whitmer àti Martin Harris, bá Smith jà, wọ́n kúrò nínú ìjọ rẹ̀, méjì sì padà nígbà tó yá, ṣùgbọ́n wọn kò kó ẹ̀rí wọn jẹ. Oníwàásù tó bá fo ibẹ̀ yẹn dá kò ṣe dáadáa; agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ohun tí mo lè sọ ni pé àwọn mẹ́jọ yòókù, bí a bá ka àna mọ́ ọn, inú ìdílé méjì péré ni wọ́n ti wá: ti Whitmer àti ti Smith fúnra rẹ̀. Bí bàbá àti ẹ̀gbọ́n bá jẹ́rìí fún ọmọ wọn, àwọn àgbà kì í sọ pé irọ́ ni. Wọ́n kàn máa ń béèrè pé ta ló tún wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ti wúrà nìkan ni, n kò ní pe Smith ní òpùrọ́, n kò sì ní gbà á gbọ́. Òwe wa yóò dúró sí ẹnu ọ̀nà.

Àmọ́ kò parí sórí wúrà. Ní 1835, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Michael Chandler gbé òkú mẹ́rin wá sí Kirtland, ní Ohio, irú òkú tí àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ń fi oògùn tọ́jú kó má bàa jẹrà, àti àwọn ìwé pápírọ́ọ̀sì tó bá wọn wá. Smith àti àwọn èèyàn rẹ̀ san 2,400 dọ́là, wọ́n rà wọ́n. Ó yẹ ìwé náà wò, ó ní Ábúráhámù baba ńlá ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ nígbà tó wà ní Íjíbítì. Ó gbé ìtúmọ̀ rẹ̀ jáde ní 1842, pẹ̀lú àwòrán mẹ́ta àti àlàyé tirẹ̀ lórí ẹni kọ̀ọ̀kan tó wà nínú wọn. Ìwé Ábúráhámù yìí wà nínú Péálì Olówó Iyebíye, ọ̀kan nínú àwọn ìwé mímọ́ wọn, títí di òní.

Ó láyà o. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìgbà tó sọ̀rọ̀. Champollion, ọmọ Faransé, ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ojútùú lẹ́tà àwọn ará Íjíbítì ní 1822 ni, ìmọ̀ náà kò sì tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní òdìkejì òkun. Ní gbogbo Kirtland, kò sí ẹni tó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní 1844, àwọn jàǹdùkú yìnbọn pa Smith ní ẹ̀wọ̀n Carthage, ikú tí kò yẹ ẹnikẹ́ni. Àwọn pápírọ́ọ̀sì di àwátì, wọ́n ní iná ńlá tó jó Chicago ní 1871 ló jó wọn. Ọ̀nà ṣí gbayawu fún ọ̀rọ̀ náà láti máa lọ.

Ọjọ́ kan ṣoṣo tí òwe ń wí dé ní oṣù kọkànlá 1967. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan ní New York fa àwọn àjákù lára pápírọ́ọ̀sì náà lé ìjọ náà lọ́wọ́. Nígbà yẹn, kíka èdè Íjíbítì ti di iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ ní yunifásítì. Àwọn ọ̀mọ̀wé bíi Klaus Baer ní Chicago àti Richard Parker ní Yunifásítì Brown jókòó tì í. Ábúráhámù kò sí níbẹ̀. Èyí tí Smith ti mú àwòrán àkọ́kọ́ jáde jẹ́ ìwé ìsìnkú, tí wọ́n ń sin mọ́ òkú kó lè máa mí ní ayé kejì. Àlùfáà kan tó ń jẹ́ Hor ló ni ín, wọ́n sì kọ ọ́ ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ìgbà Ábúráhámù. Àwòrán kẹta ló ń ká mi lára jù. Smith tọ́ka sí ẹnì kan nínú rẹ̀, ó ní Fáráò ọba nìyí, orúkọ rẹ̀ wà nínú lẹ́tà tí wọ́n kọ sókè orí rẹ̀. Àwọn tó mọ lẹ́tà náà kà á. Isis ni, abo òrìṣà Íjíbítì. Obìnrin ni.

Nínú àlàyé kan tí ìjọ náà tẹ̀ jáde ní 2014, àwọn fúnra wọn gbà pé ohun tó wà lára àjákù wọ̀nyẹn kò bá Ìwé Ábúráhámù mu. Àwọn kan nínú wọn ní apá tí Smith túmọ̀ gan-an ló sọnù. Àwọn mìíràn ní pápírọ́ọ̀sì náà kàn ṣí ojú inú rẹ̀ ni, Ọlọ́run ló sọ ìyókù fún un. Èsì àkọ́kọ́ kò gba àwòrán kẹta sílẹ̀, nítorí lẹ́tà orí ẹni yẹn kò sọnù. Èkejì ni kí ọ̀gbẹ́ni Treichville, lẹ́yìn tí a ti dé àdúgbò rẹ̀ tí a kò bá ilé, wá sọ pé ilé ẹ̀mí lòun ń sọ láti ọjọ́ yìí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó sọ nígbà tó ń pa ẹran fún wa nìyẹn.

Kí ló dé tí ọjọ́ kan fi ń wọ̀n ju ogún ọdún lọ? Ní ti ìṣirò, kò bá a mu rárá. Ohun tí àwọn àgbà ń wò ni pé ìfọkàntán kì í ṣe ẹrù tí a lè gé sí wẹ́wẹ́. Ẹnu tó túmọ̀ pápírọ́ọ̀sì ló túmọ̀ wúrà, ẹ̀bùn kan náà ló sì ní òun fi ṣe méjèèjì. Èyí tí a rí la fi ń díwọ̀n èyí tí a kò rí. Ìdí tí mo fi ń ka Bíbélì Yorùbá láìfòyà nìyẹn: Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ parí rẹ̀ ní 1884, ohun tí wọ́n túmọ̀ kò sì bá áńgẹ́lì lọ. Bí mo bá fura pé wọ́n ṣi ẹsẹ kan tú, n ó wọkọ̀ lọ sí sẹ́mínárì Onítẹ̀bọmi tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1898, n ó wá ẹni tó mọ Hébérù.

Òwe náà dárúkọ irọ́, kò dárúkọ òpùrọ́, ọgbọ́n ńlá sì wà níbẹ̀. Irọ́ tó bá rìn jìnnà, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbé e kiri ni kò mọ̀ pé irọ́ ni. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tó ń kan ilẹ̀kùn ní Àbíjàn kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni, ohun tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ ló ń jẹ́. Bóyá Smith alára mọ̀ọ́mọ̀ tan àwọn èèyàn ni, bóyá ó tan ara rẹ̀ ni, Ọlọ́run tó rí inú ló mọ̀. Ó burú kí a máa bú ọmọ ọlọ́mọ lójú pópó nítorí pápírọ́ọ̀sì tí kò rà.

Bí o bá sọ gbogbo èyí fún un, yóò ní kí o gbàdúrà nípa Ìwé Mọ́mọ́nì, pé Ẹ̀mí Mímọ́ yóò jẹ́rìí sí i lọ́kàn rẹ. Kò hùmọ̀ rẹ̀, orí tó kẹ́yìn nínú ìwé náà ló ní kí òǹkàwé ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ etí Kristẹni Yorùbá, torí àwa náà ń ríran. Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wa ẹ̀rọ tó ń tẹ ojú ọ̀nà láàárín Iléṣà àti Àkúrẹ́ ní 1928 nígbà tó ní òun gbọ́ ohùn tó pe òun. Ohùn yẹn náà kò fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Kí ló wá yà wọ́n sọ́tọ̀? Babalọlá kò mú Bíbélì tuntun wá. Ẹni tí kò bá gba ìpè rẹ̀ gbọ́ lè jẹ́ Kristẹni dé ojú ikú, inú Bíbélì tó wà nílẹ̀ la sì ti ń yẹ ẹ̀kọ́ rẹ̀ wò. Smith ní gbogbo ìjọ ló ti ṣìnà, ó kọ ìwé mímọ́ mìíràn, ó sì wàásù ní Nauvoo ní 1844 pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ènìyàn rí bíi tiwa. Ẹni tó bá gbé irú ẹrù yẹn wá sọ́jà, ọkàn tó gbóná kò tó fi san án. Ọkàn olólùfẹ́ tí wọ́n ń tàn jẹ náà máa ń gbóná.

Àwọn oníwàásù kan tún fẹ́ràn láti mú ọ̀rọ̀ àwọ̀ wá. Òótọ́ ni pé láti 1852 tí Brigham Young, tó rọ́pò Smith, ti kéde rẹ̀ títí di oṣù kẹfà 1978, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kò lè gba oyè àlùfáà nínú ìjọ yẹn. Àwọn ará ìlà-oòrùn Nàìjíríà ń kọ lẹ́tà sí oríkò ìjọ náà ní Salt Lake City fún ọ̀pọ̀ ọdún, oṣù kọkànlá 1978 ni wọ́n tó ri ọ̀kan nínú wọn, Anthony Obinna, bọmi. Ṣùgbọ́n kí Onítẹ̀bọmi Èjìgbò rọra sọ òkò yìí. Southern Baptist Convention, àjọ Onítẹ̀bọmi Amẹ́ríkà tó rán míṣọ́nnárì Bowen wá sí ilẹ̀ wa, ní 1845 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nítorí wọ́n fẹ́ kí ẹni tó ní ẹrú lè di míṣọ́nnárì. 1995 ni wọ́n tó tọrọ àforíjì. N kò mú ọ̀rọ̀ àwọ̀ dání bí mo bá ń lọ bá Mọ́mọ́nì sọ̀rọ̀, pápírọ́ọ̀sì ti tó mi.

Bí ọmọ wa bá ti Àbíjàn dé pẹ̀lú ìwé wọn lápò, ẹ gbé àga fún un, ẹ fún un lómi, ẹ wá ní kó ṣí àwòrán kẹta. Òun náà ní ẹ̀tọ́ láti bi wá pé níbo ni tiyín ti fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ìbéèrè gidi ni, Pọ́ọ̀lù sì ti dáhùn rẹ̀ nígbà tó ń kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì. Ó ka àwọn tó rí Jésù lẹ́yìn tó jíǹde, ó ní àwọn tó rí i lẹ́ẹ̀kan náà ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì wà láàyè nígbà tí òun ń kọ̀wé. Ó tún ní bí Krístì kò bá jíǹde, ẹlẹ́rìí èké ni àwa àpọ́sítélì, ìgbàgbọ́ yín sì di asán. Kí àlejò náà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tirẹ̀ láti ibẹ̀.