Kí Ló Wọnú Ìgò?

Àwọn àgbà ní oògùn tí a kò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Bí mo bá ti ń ronú nípa àwọn apoògùn ilẹ̀ Íńdíà ni òwe yìí máa ń sọ sí mi lọ́kàn, nítorí wọ́n bá a jiyàn, wọ́n sì jàre rẹ̀.

Ní 1935, Khwaja Abdul Hamied, tó kọ́ kẹ́mísírì ní Jámánì, dá ilé iṣẹ́ Cipla sílẹ̀ ní Bombay. Oògùn òkèèrè wọ́n bí ojú nígbà náà. Ní 1970, lábẹ́ ìjọba Indira Gandhi, wọ́n ṣòfin pé ènìyàn lè gba páténtì lórí ọ̀nà tó gbà ṣe oògùn, kò sì lè gbà á lórí oògùn náà fúnra rẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tó bá rí ọ̀nà mìíràn, kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tó fi máa di 2001, tí kòkòrò HIV ń run ìdílé káàkiri Áfíríkà, oògùn tí aláìsàn kan yóò lò fún ọdún kan ń lọ ní 10,000 dọ́là sí 15,000 dọ́là. Yusuf, ọmọ Hamied, ní òun yóò tà á fún àwọn dókítà Médecins Sans Frontières ní 350 dọ́là. Kò tó dọ́là kan lójúmọ́! Wọ́n tún po oògùn mẹ́ta pọ̀ sínú hóró kan ṣoṣo, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Nàìjíríà wà lára àwọn tó tètè lọ rà á. Owó pọ́ọ́kú ni, síbẹ̀ ẹ̀yìn ààrò kò gbé e. Ẹni tí wọ́n ti ń wá pósí fún dìde, ó padà sóko.

Ọwọ́ tó mọ oògùn ṣe tó báyìí, kí ló wá dé tí ojú kò fi ṣọ́ ọ mọ́?

Ní 2013, Ranbaxy, tí òun náà jẹ́ òpó láàrin àwọn apoògùn Íńdíà, gbà nílé ẹjọ́ Amẹ́ríkà pé òun jẹ̀bi, ó sì san 500 mílíọ̀nù dọ́là. Dinesh Thakur, òṣìṣẹ́ wọn tẹ́lẹ̀, ló tú àṣírí pé irọ́ wà nínú èsì àyẹ̀wò tí wọ́n ń kó fún aláṣẹ. Àná, wọ́n ń wá bí oògùn yóò ṣe dé ọwọ́ tálákà. Lónìí, wọ́n ń wá bí ìwé yóò ṣe dé orí tábìlì aláṣẹ. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o: Sun Pharma gbé Ranbaxy mì ní 2015.

Irọ́ inú ìwé ṣì kéré. Inú oògùn ikọ́ àwọn ọmọdé, propylene glycol ni wọ́n fi ń yọ́ èròjà, owó gidi ni wọ́n sì ń fi rà á. Diethylene glycol, májèlé tí wọ́n ń lò nínú omi búréèkì, kò wọ́n tó o lọ́jà. Ẹ bù wọ́n sínú ife méjì: àwọn méjèèjì mọ́ gaara, wọ́n ki, wọ́n sì dùn. Ojú kò lè yà wọ́n, ahọ́n kò lè yà wọ́n. Àyẹ̀wò nìkan ló lè yà wọ́n, àyẹ̀wò sì ń náni lówó. Ní Gáḿbíà, ní 2022, ìyá wọn oògùn sínú ṣíbí, ó rọra dà á sẹ́nu ọmọ tí ikọ́ ń dà láàmú. Kò pẹ́, ọmọ kò tọ̀ mọ́. Kíndìnrín ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Bí 70 ọmọ ló bá a lọ, ọ̀pọ̀ wọn kò tíì pé ọdún márùn-ún. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé májèlé yìí wà nínú oògùn mẹ́rin láti ilé iṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Haryana. Ilé iṣẹ́ náà sẹ́ kanlẹ̀, ìjọba Íńdíà ní àyẹ̀wò tòun kò rí nǹkan kan. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àbí irú àgbà wo la wá kó sọ́jà yìí?

Ẹnikẹ́ni má sọ pé wọn kò mọ̀. Láti 1937 ni májèlé yìí ti pa ju 100 ènìyàn lọ ní Amẹ́ríkà, òun ló sì bí òfin oògùn tí wọ́n ṣe níbẹ̀ lọ́dún kejì. Kí àwa náà má sì nàka sí Íńdíà nìkan: Èkó ni wọ́n ti ṣe oògùn ọmọdé My Pikin, tó pa ọmọ 84 nílẹ̀ wa láti 2008 wọ 2009.

Àwọn kan ní owó pọ́ọ́kú ló fà á. N kò gbà. Owó pọ́ọ́kú náà ló gba ẹ̀mí là ní 2001. Yusuf Hamied dín owó kù lára èrè. Àwọn tó ṣe oògùn ikọ́ yìí dín in kù lára ohun tó wọnú ìgò. Ọ̀kánjúà pẹ̀lú olè, déédéé ni wọ́n jẹ́, àmọ́ olè a máa sá bó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ onílé. Ọlọ́kánjúà yìí ń lẹ orúkọ ara rẹ̀ mọ́ ìgò.

Íńdíà pàṣẹ pé láti oṣù Kẹfà 2023, oògùn ikọ́ kankan kò gbọdọ̀ jáde lọ sókè òkun láìjẹ́ pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní yàrá àyẹ̀wò tí ìjọba fọwọ́ sí. Èyí tí wọn yóò tà nílé kò sí nínú àṣẹ náà. Ní 2025, ní Chhindwara àti agbègbè rẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Madhya Pradesh, ọmọ tí kò dín ní 20 kú lẹ́yìn tí wọ́n mu Coldrif, oògùn ikọ́ tí wọ́n ṣe ní Tamil Nadu. Diethylene glycol ni wọ́n tún bá nínú rẹ̀. Ìgbà tí ìsìnkú ti pọ̀ ni ìjọba Tamil Nadu tó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà.